Ìjì ṣí òrùlé ilé bàbá wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì: agbaṣẹ́ṣe wo ni kí a gbé iṣẹ́ náà fún?

Àrẹ̀mọ Ìkọ̀lé kọ̀wé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìjì tó ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣí apá ẹ̀yìn òrùlé ilé bàbá wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ó sì gbé páànù mẹ́rìnlá dà sínú oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé. Ọdún 1984 ni bàbá wa kọ́ ilé náà, páànù onírin ìgbà náà ló sì wà lórí rẹ̀ títí di òní. Ìyá wa, tó jẹ́ ẹni ọdún 78, ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ìbàdàn ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, n kò sì lè máa wá lójoojúmọ́.

Agbaṣẹ́ṣe méjì ló ti wá wo ilé náà. Ẹni àkọ́kọ́ dúró nílẹ̀, ó ka iye páànù tó ṣí, ó sì dá owó lé e lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí a san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó náà sílẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kejì ní kí wọ́n gbé àkàbà wá, ó wọ inú àjà lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bíi wákàtí kan. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú èékù igi kan lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lójú ìyá wa, igi náà sì wó di ìyẹ̀fun. Ó ní ikán ti jẹ igi apá ẹ̀yìn tán, àti pé bí a bá kan páànù tuntun mọ́ irú igi bẹ́ẹ̀, ìjì tó ń bọ̀ yóò tún gbé e. Owó tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni àkọ́kọ́. Àwọn àbúrò mi ní ńṣe ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ikán gba owó lọ́wọ́ wa.

Ta ni kí a gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Èló ló tọ́ kí ènìyàn san sílẹ̀ fún oníṣẹ́ òrùlé? Ṣé èmi fúnra mi ni kí n ra igi àti páànù, àbí kí n kó owó rẹ̀ fún un? Ṣé a sì lè fi páànù alumíníọ̀mù bo ibi tó ṣí nìkan, kí a fi apá iwájú sílẹ̀ bí ó ti wà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá, nítorí òjò kò ní dúró dè wá.

Ìyá Ìbejì Adó kọ̀wé:

Ẹ kú ewu ìjì, bàbá. Mo dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó farapa. Lójú tèmi, ẹni tó gòkè lọ wò ó ni oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu òun náà lásán. Ẹ ní kí ó mú yín lọ sí ilé tí ó kan òrùlé rẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kì í ṣe èyí tí ó kàn ní oṣù tó kọjá, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí òrùlé oṣù kan jò. Ẹ wọ inú ilé náà, ẹ gbójú sókè wo àjà, kí ẹ sì bi onílé léèrè bóyá oníṣẹ́ náà dá a lóhùn nígbà tí ó pè é padà.

Káfíńtà Ìjerò kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mọ, ẹ kú ewu. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń kan òrùlé káàkiri Ìjerò, Àrámọkọ àti Ìdó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ohun tí mo rí.

Ọ̀pọ̀ onílé rò pé páànù ni ìjì ń bá jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, á máa ti òrùlé sókè láti inú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ń fà á sókè láti ìta. Bí kò bá sí ìdè láàárín igi àti ògiri, ìwúwo òrùlé nìkan ló kù tó ń dá a dúró, páànù kò sì wúwo tó láti borí ìjì oṣù kẹta àti oṣù kẹrin wa yìí. Igi tí a ń tẹ́ sórí ògiri, èyí tí gbogbo igi yòókù jókòó lé, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Ṣé wọ́n fi irin dè é mọ́ ògiri ni, àbí ó kàn jókòó lórí búlọ́ọ̀kù? Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ó kàn jókòó ni. Ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun lè fi irin sílẹ̀ nínú kọnkéré orí fèrèsé, kí orí irin náà yọ ju búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn lọ, kí káfíńtà lè rí i tẹ̀ mọ́ igi. Ní ti ilé tó ti wà nílẹ̀, a máa ń lu ihò sára ògiri ní ìlà búlọ́ọ̀kù kẹta láti òkè, a ó fi irin gba ibẹ̀ yí igi ká, a ó sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà.

Ọ̀rọ̀ ikán kò nílò àríyànjiyàn láàárín ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré, ẹ gun àkàbà, kí ẹ gún igi náà níbi tí ó ti kan ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ikán ti sábà máa ń gòkè wá. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn gún iṣu sísè, igi náà ti kú, kò sí ìṣó tó lè dúró nínú rẹ̀. Ẹ sì fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ lọ ní gbogbo gígùn rẹ̀. Igi tó yè máa ń dún ko, èyí tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ máa ń dún bí agbè òfìfo.

Nípa irú igi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó arère wá fún yín nítorí pé kò wọ́n púpọ̀ tàbí pé ó rọrùn láti kàn. Igi fífúyẹ́ ni, ikán àti kòkòrò kì í pẹ́ mú un. Ìrókò àti ọ̀mọ̀ ni ikán kì í tètè rí gbé ṣe. Àfàrá wà láàárín méjèèjì, mo máa ń lò ó bí mo bá ti fi oògùn ikán ra á dáadáa. Igi tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé kò dára, nítorí bí ó bá ti ń gbẹ ni yóò máa súnkì, ìṣó á sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí àlàfo igi ìdábùú tí páànù jókòó lé ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, ní etí òrùlé sì ni mo ti máa ń sún wọn mọ́ra jù, torí ibẹ̀ ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń fi ìṣó kan páànù onígegele, orí gegele ni ìṣó ń wọ̀, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orí ìṣó.

Nípa owó, kò sí káfíńtà olóòótọ́ tó nílò ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ra ohun èlò, nítorí onílé tó bá lọ sí sọ́míìlì fúnra rẹ̀, arère ni wọn yóò tà fún un ní orúkọ àfàrá.

Ọmọ Ìfàkì kọ̀wé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá Káfíńtà, ẹ̀kọ́ ńlá ni mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ n kò lè fara mọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ní ọdún 2019, mo san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún agbaṣẹ́ṣe kan tí ará ilé wa mú wá. Ó kó igi dé, ó kan egungun òrùlé dé ìdajì, ó sì di àwátì. Oṣù méje ni òjò fi pa igi náà. Nígbà tí mo fi máa rí ẹlòmíràn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ́, kò ṣeé lò mọ́. Inú ń bí mi títí di òní, nítorí owó ajẹmọ́nú ọdún mẹ́ta ló bá a lọ.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń ra gbogbo ohun èlò, owó iṣẹ́ nìkan sì ni mo ń san fún oníṣẹ́. Bí ẹ kò bá mọ igi, ẹ mú káfíńtà mìíràn tí kò ní ṣe iṣẹ́ náà dání lọ sí sọ́míìlì, kí ẹ fún un ní owó ọjọ́ kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra alumíníọ̀mù, ẹ gbé páànù kan sórí ìwọ̀n. Ìwé lè pe nínípọn rẹ̀ ní mílímítà 0.55, kí ó sì jẹ́ 0.45 ni wọ́n kó fún yín. Ìwọ̀n kì í parọ́.

Alápáànù Ajílósùn kọ̀wé:

Páànù ni mò ń tà ní Adó, òótọ́ sì ni ẹ̀gbọ́n sọ pé ìwọ̀n kì í parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ yóò fi ìwọ̀n náà tan ara rẹ̀. Alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.5 bí nínípọn rẹ̀ bá jẹ́ mílímítà 0.55, yóò sì wọn nǹkan bíi 1.2 bí ó bá jẹ́ 0.45. Ibi tí wàhálà wà ni pé páànù tí ẹ rà kì í ṣe pẹlẹbẹ mọ́. Ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́, ó ti súnkì níbùú. Nítorí náà, ẹ bèèrè ìbú rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, mítà 1.2 ló wọ́pọ̀ jù. Páànù tó gùn ní mítà márùn-ún láti ara irú ìyẹn yóò wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 8.9 bí ó bá jẹ́ 0.55, tàbí 7.3 bí ó bá jẹ́ 0.45. Ọ̀dà ojú rẹ̀ lè fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá bá 7.4 níbi tí wọ́n ti kọ 0.55, ẹ dá a padà kí ẹ tó kó o sínú ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mọ, ẹ má ṣe so alumíníọ̀mù tuntun mọ́ páànù onírin tó ti dípẹtà. Níbi tí méjèèjì bá ti lé ara wọn tí omi sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù náà ni yóò máa jẹ lọ. Ẹ kúkú ṣí gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi alumíníọ̀mù bo ilé náà tán, nítorí òun kì í dípẹtà bí irin. Ẹ sì kìlọ̀ fún bíríkìlà kí ó má ta sìmẹ́ńtì tútù sí i lára, torí sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ ẹ́, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ.

Tísà Ẹ̀fọ̀n kọ̀wé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì dàgbà tó láti rántí òrùlé ewé gbodogi ní oko bàbá mi, èyí tí a ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè láìsí ẹni tó ń ráhùn, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òrùlé jẹ́ ohun tí a ń tọ́jú. Páànù ló sọ wá di ẹni tó ń kan òrùlé tí kò sì tún gbójú sókè wò ó mọ́ títí tí yóò fi jò.

Mi ò gbà pé kí gbogbo ènìyàn ju páànù onírin nù. Páànù ilé mi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1979, àárín òkè ni a sì ń gbé, ẹ mọ irú atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń jẹ́ kí ọmọ kan gòkè. Ìgbà àkọ́kọ́ ni òpin ọyẹ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ìkejì sì ni ìsinmi òjò oṣù kẹjọ. Yóò gbá ewé máńgòrò kúrò nínú gọ́tà, yóò kan ìṣó tó ti yọ orí padà tàbí kí ó fi èyí tó gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí ìpẹtà bá ti ń yọjú, yóò sì fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kùn ún. Èmi fúnra mi máa ń wọ inú àjà ní ọ̀sán gangan, màá pa iná tọ́ọ̀ṣì, màá sì jókòó jẹ́ẹ́ títí ojú mi yóò fi mọ òkùnkùn. Ihò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ yóò tàn bí ìràwọ̀. Ẹfun ni mo fi ń sàmì sí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yin alumíníọ̀mù, ẹ má gbàgbé pé oòrùn máa ń nà án ju irin lọ. Èyí tó gùn ní mítà mẹ́wàá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà kan gùn sí i láti òwúrọ̀ tútù di ìgbà tí oòrùn bá mú un gbóná, kí ó sì tún sún padà lálẹ́. Bí ó ti ń nà tó ń sún lójoojúmọ́ ni ìṣó rẹ̀ ń tú. Òun náà nílò ìtọ́jú.

Ọ̀dọ́ Òkèṣà kọ̀wé:

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Bí ẹ bá ti fẹ́ ṣí gbogbo òrùlé náà, ẹ kúkú mọ párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú tó yọ sókè bo etí òrùlé, yí ilé náà ká, kí ó bá ìgbà mu. Ìjì kò sì ní rí etí òrùlé tí yóò gbá mú mọ́.

Ìyá Ìbejì Adó kọ̀wé:

Àbúrò mi, má bínú, mo ní láti ta kò ọ́, nítorí párápẹ́ẹ̀tì ló ń dà mí láàmú láti ọdún kẹrin wá. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo omi tó yẹ kí ó já sílẹ̀ ní ìta ilé, inú gọ́tà kọnkéré orí ilé ló ń rọ́ lọ, bí ewé bá sì dí ẹnu páìpù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú yàrá ni ó ń bọ̀.

Àjà yàrá àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oníṣẹ́ kan fi ọ̀dà dúdú kun òkè ibẹ̀ gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì sanwó, síbẹ̀ kò dá. Nígbà tó yá, bàbá àgbàlagbà kan wá, ó ní òun kò ní kun ohunkóhun. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé rọ́bà omi gun òrùlé, kí ó máa da omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó sún síwájú, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó pè mí kí n wá wò ó. Igun gọ́tà kọnkéré náà ni omi ti ń wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta sí ibi tí àmì náà wà. Ó ń rìn lábẹ́ igi ìdábùú bí èèrà, ó dé ibi tí ẹnu ìṣó kan ti yọ, ó so rọ̀ níbẹ̀, ó sì ń kán tó, tó, tó sórí àjà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ máa bi oníṣẹ́ yín léèrè bí yóò ṣe wá ibi tí omi ń gbà kí ó tó gba owó ọ̀dà.

Káfíńtà Ìjerò kọ̀wé:

Màmá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Mo tún fi kún un pé a kò mọ̀ bóyá ògiri ọdún 1984 lè gbé ìwúwo párápẹ́ẹ̀tì. Bàbá wa Tísà, mo kí yín. Ọmọ Ìfàkì, mo gba ti káfíńtà mìíràn tí ẹ ní kí onílé mú lọ sí sọ́míìlì. Ó dára ju ohun tí mo sọ lọ.

Àrẹ̀mọ Ìkọ̀lé kọ̀wé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ sí Ìkọ̀lé lópin ọ̀sẹ̀, mo sì gun àkàbà fúnra mi. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá Káfíńtà ti wí, igi orí ògiri kàn jókòó ni, kò sí irin kan tó dè é. Ní apá ẹ̀yìn, ọ̀bẹ wọlé dé èkù nínú igi mẹ́sàn-án. Àwọn àbúrò mi wà níbẹ̀, wọ́n sì ti gbà pé agbaṣẹ́ṣe kejì kò parọ́. Ní apá iwájú, ìrókò ni bàbá wa lò, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ìṣòro kan ló tún yọjú: agbaṣẹ́ṣe náà ní asbestos ni àjà inú ilé. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun fi òòlù wó o lulẹ̀ kí ibẹ̀ lè ṣí.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́ kọ̀wé:

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù wó o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé gbogbo irú asbestos ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ó bá wà lódidi tí a kò fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kéré. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ, tí a rẹ́ ẹ tàbí tí a gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ ni ó burú, nítorí okùn tín-ín-rín tí ojú kò lè rí máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í jáde mọ́. Àìsàn rẹ̀ lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó farahàn, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi ń sọ pé kò ṣe àwọn ní nǹkan.

Bí ẹ kò bá nílò láti tú u, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá di dandan, ẹ wá ibòmíràn fún màmá láti sùn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Kí wọ́n wọ́n omi tí a po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ sí i lára títí yóò fi rin, kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódidi. Ìbòmú tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, èyí tí a ṣe fún eruku irú èyí, ni kí wọ́n lò. Aṣọ tí a ta mọ́ imú kò tó. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì bi àwọn tó ń bójú tó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ léèrè ibi tí ẹ lè gbé e lọ. Ẹ má dáná sun ún, ẹ má sì jù ú sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

Ọmọ Ìfàkì kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: irú igi, ìwọ̀n pákó, nínípọn páànù, àlàfo igi ìdábùú, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí àti iye oṣù tí yóò fi padà wá dí ibi tó bá jò láìgba owó.

Káfíńtà Ìjerò kọ̀wé:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta. Ẹ san ìdá kan nígbà tí igi bá dé ilẹ̀. Ẹ san ìdá kejì nígbà tí egungun òrùlé bá dúró, tí irin sì ti dè é mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kan páànù kan ṣoṣo mọ́ ọn títí ẹ ó fi gòkè lọ wò ó tàbí títí ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yóò fi ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, nítorí ohun tí páànù bá ti bò, ẹ kò ní rí i mọ́. Ẹ fi ìdá kẹta sílẹ̀ títí òjò ńlá méjì yóò fi rọ̀.

Àrẹ̀mọ Ìkọ̀lé kọ̀wé:

A ti fẹnu kò. Agbaṣẹ́ṣe kejì ni yóò ṣe é, ó sì ti buwọ́ lùwé. Èmi ni màá ra ohun èlò, káfíńtà kan láti Ọ̀yẹ́ yóò sì bá mi lọ sí sọ́míìlì lọ́jọ́ Ajé. Páànù onírin tuntun ni a ó fi bo apá ẹ̀yìn, a ó ha apá iwájú, a ó sì kùn ún bí Bàbá Tísà ti wí. A kò ní fọwọ́ kan asbestos náà rárá, òkè rẹ̀ ni wọn yóò gbà ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: nínú igi apá ẹ̀yìn, a rí ìrókò mẹ́fà tí ọ̀bẹ kò wọ̀. Ṣé a lè tún wọn lò?

Káfíńtà Ìjerò kọ̀wé:

Ẹ lò wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ìrókò tó ti gbẹ fún nǹkan bí ogójì ọdún dára ju èyí tí ẹ máa rí rà lọ́jà lónìí lọ. Ẹ yọ gbogbo ìṣó àtijọ́ kúrò, kí ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó kan ògiri, kí ẹ sì ti ẹnu tí ẹ gé náà bọ oògùn ikán di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gbé e gòkè.